Fídíò Ilé Wa

"Sáré-má-ṣubú, rọra o! Omi wà lórí àtẹ̀gùn yẹn!"

Ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu Bàbá Aláago kó tó mọ ohun tó sọ. Ọmọbìnrin kékeré tó ń sáré lọ sókè dúró lójijì, ó bojú wẹ̀yìn, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀, nọ́ọ̀sì tó ń gbé lókè, kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni, báàgì ṣì wà léjìká rẹ̀.

"Bàbá, ta ló sọ orúkọ yẹn fún yín?"

"Orúkọ wo?"

"Sáré-má-ṣubú. Ìyá mi nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀ nígbà tó ṣì kéré gan-an, ọdún kejì tí wọ́n kú rèé. Wọn ò dé ilé yìí rí. Ẹ ò mọ̀ wọ́n."

Bàbá nawọ́ sí ọmọ náà. "Àfi bó bá jẹ́ ọmọ ẹ ló sọ fún mi."

"Irọ́ o!" ni ọmọ náà ké látòkè. "Èmi ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀!"

Nọ́ọ̀sì wo bàbá náà títí, ó gòkè lọ di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà," ló wí. Ìkíni náà tutù ju omi orí àtẹ̀gùn lọ.

Bàbá Aláago wọlé, ó jókòó sídìí tábìlì tó ti ń tún aago ọwọ́ ṣe. Ojú ń tì í débi pé kò lè tan iná. Ìdí tábìlì yìí kan náà ni ọmọ náà máa ń jókòó sí lọ́sàn-án, tó bá ti iléèwé dé, kí ìyá rẹ̀ tó ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Bó bá ti na ọwọ́ sí aago kan, Bàbá á ní, "Aago oní-aago! A kì í ṣí i láìgbàṣẹ." Òun ló ń sọ bẹ́ẹ̀, òun náà!

Nígbà tí rédíò rẹ̀ kú, nọ́ọ̀sì yìí ló ní, "Bàbá, ẹ ò lè máa jókòó jẹ́ẹ́ báyìí. Ẹ máa lo íńtánẹ́ẹ̀tì wa." Ọkọ rẹ̀ ló sọ̀ kalẹ̀ wá so tẹlifíṣọ̀n Bàbá mọ́ ọn. Ní ọjọ́ kẹta, níbi tó ti ń wá ìròyìn, Bàbá rí i tí wọ́n kọ ọ́ sójú tẹlifíṣọ̀n: Fídíò Ilé Wa. Ọkọ nọ́ọ̀sì ti kó gbogbo àwòrán àti fídíò ẹbí wọn sínú àpótí kékeré kan tó so mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì wọn lókè, kí tẹlifíṣọ̀n ilé wọn lè máa gbé e jáde. Kò rántí pé tẹlifíṣọ̀n ìsàlẹ̀ náà ti wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kan náà.

Àṣìṣe ni ti àkọ́kọ́. Ti ẹ̀ẹ̀kejì, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tẹ̀ ẹ́. Àwọn ọmọ tirẹ̀ kì í pè ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù lọ, ariwo ilé àwọn ẹlòmíràn sì dùn nínú páálọ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ náà kò wá. Aago méjì lù, mẹ́ta lù, mẹ́rin lù. Ìwé ìṣirò rẹ̀ tó gbàgbé níjọ́sí wà lórí tábìlì. Nígbà tí ìyá rẹ̀ dé, Bàbá gun òkè lọ kan ilẹ̀kùn.

"Ọmọ mi, jọ̀ọ́, ohun kan wà nísàlẹ̀ tí mo fẹ́ fi hàn ọ́."

Nọ́ọ̀sì tẹ̀ lé e. Bàbá tẹ rìmóòtù. Tẹlifíṣọ̀n kún fún àwòrán: ọkọ nọ́ọ̀sì níbi tó ti ń jó ijó játijàti, nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ tòun ti aṣọ àwọ̀sùn.

"Yéè! Láti ìgbà wo?"

"Oṣù mẹ́rin."

"Ẹ sì ń kí wa láràárọ̀! Gbogbo ẹ̀ lẹ wò?"

Bàbá kò lè gbójú sókè. "Mi ò ní irọ́ kankan nílẹ̀ mọ́. Ọmọ rẹ já èyí tó kẹ́yìn lánàá."

"Tí kì í bá ṣe pé àgbà lẹ jẹ́..." Nọ́ọ̀sì gbé ìyókù mì. Ó tún wo tẹlifíṣọ̀n. "Níbo lẹ ti gbọ́ orúkọ yẹn?"

Bàbá nawọ́ sí àwòrán ìyá àgbà kan tó bẹ̀rẹ̀, tó la apá méjèèjì sílẹ̀. "Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ rẹ ní ìrìn."

"Mi ò tíì lè wò ó látìgbà tí wọ́n ti lọ." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Kí ni wọ́n wí?"

Bàbá lanu. Ó mọ ọ́n lórí. Ó tiẹ̀ mọ ibi tí ìyá náà ti húkọ́. Èyí gan-an ló tì í lójú jù.

"Kì í ṣe ẹnu tèmi ló yẹ kó o ti gbọ́ ọ."

Ó fi rìmóòtù lé e lọ́wọ́, ó jáde, ó sì fa ilẹ̀kùn dé. Kò dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó rìn dé ẹ̀gbẹ́ títì, níbi tí etí rẹ̀ kò ti lè gbọ́ nǹkan kan, ó sì kọ ẹ̀yìn sí ilé ara rẹ̀.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì jáde, ojú rẹ̀ pọ́n. "Ọkọ mi máa fi páswọ́ọ̀dù ti àwọn fídíò yẹn lónìí. Ìròyìn yín á ṣì máa wọlé."

"O ṣeun, ọmọ mi. Má bínú."

Nọ́ọ̀sì kọjá lára rẹ̀. Ó gun àtẹ̀gùn mẹ́ta, ó dúró, kò bojú wẹ̀yìn.

"Mo rí ìwé ìṣirò ọmọ yẹn lórí tábìlì yín. Á wá mú un lọ́la."

Bàbá Aláago kò béèrè bóyá ọmọ náà yóò jókòó sídìí tábìlì.