Pilísì Lẹ́nu Ibodè

"Tún un pè," ni Rájí wí, bó ti ń fún okùn mọ́ ẹrù ìyàwó rẹ̀.

"Pilíìsì," ni Ìdíátù dáhùn.

"Má fà á bí ilá. Pilísì."

Ìdíátù pòṣé. "Bàbá Dàmọ́lá, ilẹ̀ ti mọ́ o. Àwọn èèyàn ń sá lọ, ẹ̀yin ń kọ́ mi ní Gẹ̀ẹ́sì."

Lóòótọ́, gbogbo Nyékonakpoè, àdúgbò wọn ní Lomé, ló ń tú jáde. Ìyanṣẹ́lódì ti ti ọjà pa láti ìparí ọdún tó kọjá, ìbọn sì ti dún láàrin ìlú lánàá. Ọ̀nà Gánà ni kálukú dorí kọ. Dàmọ́lá, ọmọ wọn, ti sọdá, ó ń retí àwọn méjèèjì ní Aflao, lápá Gánà ibodè. Ṣùgbọ́n Rájí ní òun kò lọ. Lọ́dún tí Gánà lé àwọn àlejò, aṣọ ọrùn rẹ̀ nìkan ló bá kúrò ní Kùmásí, ó sì búra pé ẹsẹ̀ òun kò ní tẹ ilẹ̀ náà mọ́. Ìsọ̀ abọ́ tánganran tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ ní Lomé, ta ni yóò ṣọ́ ọ?

Ìdíátù, ọmọ Àjàṣẹ́ lápá àwọn Faransé, gbọ́ Faransé, ó gbọ́ Mina, èdè àwọn ará Lomé. Ṣọ́jà Gánà lẹ́nubodè lè má gbọ́ ọ̀kankan. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Rájí fẹ́ kó mú dání.

"Bí wọ́n bá bi ọ́ ní nǹkan, òun ni kó o kọ́kọ́ sọ. Bẹ́ẹ̀ ni o, bẹ́ẹ̀ kọ́ o, pilísì ló ń ṣíwájú. Bó o bá tẹ èèyàn lẹ́sẹ̀, pilísì. Bó o bá fẹ́ omi mu, òun náà ni. Ọ̀rọ̀ àpọ́nlé ni lọ́dọ̀ wọn. Ẹni tí kò bá ní in lẹ́nu, wọ́n á ní kò lẹ́kọ̀ọ́."

"Bí mo bá fẹ́ dákẹ́ ńkọ́?"

"Ìwọ? Dákẹ́?"

Ìdíátù fi ìborùn lù ú. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín.

Rájí sìn ín dé ẹnubodè. Èrò pọ̀ bí eṣú. Ó gbé ẹrù ru ìyàwó rẹ̀, ó dúró sẹ́yìn lórí ilẹ̀ Tógò, ó ń wò ó. Ṣọ́jà Gánà kan dá Ìdíátù dúró, ó bi í ní Gẹ̀ẹ́sì ibi tó ń lọ.

"Pilísì," ni Ìdíátù wí, ó sì kúnlẹ̀ tòun tẹrù.

Ẹrù náà wúwo. Kò lè dìde mọ́. Èrò ń ti ara wọn bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Pilísì, Màmá! Pilísì!" Ṣọ́jà náà ń bẹ̀ ẹ́ kó dìde.

Rájí kò mọ ìgbà tó sáré. Ó gba àárín èrò kọjá, ó sọ ẹrù náà kalẹ̀, ó fa ìyàwó rẹ̀ dìde.

"Ta ní í fi ẹrù lórí kúnlẹ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ ní ọ̀rọ̀ àpọ́nlé ni. Ṣé òòró ni kí n wà kí n máa pọ́n ọmọlọ́mọ lé?" Ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ orúnkún rẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀. "Ilẹ̀ ta lẹ dúró sí yẹn?"

Rájí wo ilẹ̀. Ilẹ̀ Gánà ni. Ó wẹ̀yìn wo Lomé. Ọrùn Ìdíátù ṣì ń gbọ̀n.

"Gbé e rù mí," ni Rájí wí.

Àsìkò òjò ni wọ́n tó padà sí Lomé. Ògiri ìsọ̀ náà nìkan ló kù.