A Ò Tíì Dé Òní

"Àwa la mọ odi yẹn," ni Bàbá wí, ó sì na ìka sójú fèrèsé bí ẹni pé odi ọ̀hún wà níta gbangba. "Amọ̀ pupa la fi mọ ọ́n. Àwọn obìnrin ń pọnmi, àwa ọkùnrin ń fẹsẹ̀ po amọ̀. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, bàbá ló wà lórí oyè. Nígbà tí a máa fi parí, ọmọ ló ń jọba."

Kúbúrátù gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín síwájú rẹ̀. Kò sí odi kankan níta. Ohun tó wà níbẹ̀ ni ògiri Alájà Sàúdátù, aládùúgbò wọn, tí wọ́n sá aṣọ sí lórí, àti ọyẹ́ tó ti sọ gbogbo Ìjẹ̀bú-Òde di funfun láti àárọ̀.

"Bàbá, odi Kánò ti lé ní ẹgbẹ̀rin ọdún," ni ó wí. "Ẹ má máa sọ pé àwa. Àwọn ni. Àwọn ló mọ ọ́n."

"Àwọn wo?"

"Àwọn ará ìgbà náà."

Bàbá wò ó tàánútàánú. "O ò sí níbẹ̀ ni, Tíṣà." Ó bu ẹ̀kọ díẹ̀ sẹ́nu. "Eruku Kánò lo rí níta yẹn. Ó wá mi wá síbí."

Ìtàn ni Kúbúrátù ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin nílé ẹ̀kọ́ girama. Tíṣà ni Bàbá máa ń pè é, yálà ó rántí orúkọ rẹ̀ tàbí kò rántí, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè mọ èyí tó jẹ́ lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí orí Bàbá ṣì pé, Alhaji Bùsárì Adébùsọ́lá ni, oníṣòwò obì gbànja tí kò sí ọmọ Ìjẹ̀bú tó gbé Kánò tí kò mọ̀ ọ́n. Láti inú igbó ilé níbí ni wọ́n ti ń kó obì sínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n á fi ewé tútù bò ó, ọkọ̀ ojú irin á sì gbé e lọ sókè. Sábó-Ńgàrí ni Bàbá ń gbé, àdúgbò tí òyìnbó là sílẹ̀ lẹ́yìn odi fún àwọn tí kì í ṣe ará ìlú. Níbẹ̀ ni wọ́n bí Kúbúrátù sí. Níbẹ̀ náà ni Mùínátù, ìyá rẹ̀, kú sí nígbà tí ọmọ ṣì kéré. Kí omijé tó gbẹ, Bàbá ti fà á lé ìyàwó oníṣòwò kan lọ́wọ́ pé kó mú un lọ bá ìyá àgbà n'Íjẹ̀bú-Òde.

Ní iléèwé, Gàmbàrí làwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é nítorí ahọ́n rẹ̀. Ó fọ ahọ́n náà títí ó fi mọ́, ẹnikẹ́ni ò sì tún gbọ́ Hausa lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ohun kan ṣoṣo tí kò rí fọ̀ dànù ni àṣà kan tí kò mọ ibi tí òun ti rí i: bí obì bá bọ́ sí i lọ́wọ́, etí ló máa ń kọ́kọ́ gbé e sí kó tó gé e jẹ. Àwọn tíṣà ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á bi í pé kí ni obì wí.

Bàbá dúró sí Kánò. Ó ń fi aṣọ ránṣẹ́, ó ń fi èso dàbínù ránṣẹ́, ṣùgbọ́n kò fi ọ̀rọ̀ kankan nípa Mùínátù ránṣẹ́ rí. Kúbúrátù náà ò béèrè, nítorí inú ń bí i sí ẹni tó lé e kúrò nílé. Nígbà tí Bàbá wá padà wálé lọ́dún tó kọjá, tí ìbínú náà ti rọ̀, tí ó fẹ́ béèrè, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Bàbá kì í rántí bóyá òun ti jẹun. Èyí ló ń dun Kúbúrátù jù láyé. Kò ní àwòrán ìyá rẹ̀ kankan, kò rántí ohùn rẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo tó lè sọ irú èèyàn tí Mùínátù jẹ́ fún un ló sì jókòó síwájú rẹ̀ yìí tó ń sọ̀rọ̀ odi.

Kánò nìkan ni Bàbá ò gbàgbé, àmọ́ bí ẹni tó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ dó ló ṣe ń sọ ọ́. "Òkè Dálà nìkan ló wà nígbà tí a dé," ni á wí. "A rí irin nínú ilẹ̀ rẹ̀, a dáná, a ń rọ ọkọ́." Lọ́jọ́ mìíràn, ìdí kòtò aró ló wà tó ń rẹ aṣọ. Lọ́jọ́ mìíràn ẹ̀wẹ̀, ràkúnmí ló ń bọ̀ láti aginjù tòun ti iyọ̀ lẹ́yìn, Bàbá á sì pàṣẹ pé kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn odi fún wọn. Kúbúrátù á dìde, á lọ ṣí ilẹ̀kùn pálọ̀. Bí kò bá ṣí i, Bàbá ò ní jẹun.

Ibi tí ìyọnu wà ni pé lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Bàbá á yọ́ jáde, wọn ò sì ní rí i títí oòrùn á fi rẹlẹ̀. Bí wọ́n bá bi í pé ibo ló ń lọ, á ní, "Sábó." Lánàá, alùpùpù kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a ní gáréèjì Ìbàdàn. Bí Adélékè ti gbọ́, ó sáré dé láti Odógbolú níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Ẹ̀gbọ́n ni fún Kúbúrátù. Ìyáálé ló bí i, n'Íjẹ̀bú-Òde ló sì dàgbà sí.

"Ó ti tó, Kúbú," ni ó wí. Kò tilẹ̀ jókòó. "Lọ́la, tí mo bá ti kúrò ní ọ́fíìsì, mò ń gbé wọn lọ sí Ìmùṣin, sọ́dọ̀ Àǹtí Mọ́ṣádé. Ọgbà tiwọn ní géètì, géètì sì ní kọ́kọ́rọ́."

"Ẹ jẹ́ ká mọ ibi tí wọ́n ń lọ ná, bọ̀ọ̀dá."

"Kí la tún fẹ́ mọ̀? Kánò ni wọ́n ń lọ! Wọ́n fẹ́ fẹsẹ̀ rìn dé Sábó-Ńgàrí. Ṣé o fẹ́ kí n wá ṣa òkú bàbá mi lójú títì ni?" Adélékè kì í ṣe ìkà, ẹ̀rù ló ń bà á.

Nínú ilé yẹn, láti kékeré wọn, Sábó kan ṣoṣo ló wà, Sábó Bàbá, Kánò ló sì wà. Ṣùgbọ́n Kúbúrátù mọ̀ pé bí géètì Ìmùṣin bá ti lè tì, kò sí ẹni tí á gbọ́ ọ̀rọ̀ Kánò lẹ́nu Bàbá mọ́. Àǹtí Mọ́ṣádé ò láyè ìsọkúsọ. Bí ìtàn náà bá sì dákẹ́, ìyá rẹ̀ ti bá a lọ nìyẹn.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé lọ́sàn-án òní, Kúbúrátù fi ìborùn bojú, ó díbọ́n bí ẹni tó sùn lórí àga. Iléèwé ti gba ìsinmi, kò sí ibi tó ń kánjú lọ. Bàbá kírun tán, ó dé fìlà, ó rọra ṣílẹ̀kùn. Kúbúrátù jẹ́ kó jìnnà díẹ̀, ó sì tẹ̀ lé e.

Ọyẹ́ ò jẹ́ kí ojú rí ọ̀ọ́kán. Àwọn èèyàn ń yọ láti inú eruku, wọ́n tún ń wọ inú rẹ̀ lọ, fìlà Bàbá sì ń lọ níwájú. Ọkàn Kúbúrátù ò balẹ̀ nígbà tí wọ́n dé gáréèjì Ìbàdàn. Bàbá ò wo ọkọ̀ kankan. Ó dúró kí alùpùpù kọjá, ó sọdá, ó sì yà wọ àdúgbò kan tí òórùn súyà àti àlùbọ́sà ti ń pàdé èèyàn lọ́nà.

Kúbúrátù fọwọ́ lu orí ara rẹ̀. Sábó! Sábó Ìjẹ̀bú-Òde, tí òun ń gbà kọjá ní gbogbo ìgbà tí òun bá ń lọ ra àlùbọ́sà. Sábó tí àwọn Ìjẹ̀bú là sílẹ̀ fún àwọn tí kì í ṣe ará ìlú.

Lábẹ́ àtíbàbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí, Bàbá ti jókòó sórí ẹní, apẹ̀rẹ̀ obì gbànja wà níwájú rẹ̀. Ó ń mú obì lọ́kọ̀ọ̀kan, á fi àtàǹpàkò wá ojú ihò kòkòrò, á ju èyí tó dára sórí ewé, á ju èyí tó ti bàjẹ́ sẹ́yìn. Ìka rẹ̀ ò gbàgbé nǹkan kan. Ọkùnrin Hausa arúgbó kan jókòó tì í, ó ń pààrọ̀ ewé.

"Tíṣà nìyẹn," ni arúgbó náà wí. Yorùbá rẹ̀ ki, ti Ìjẹ̀bú paraku ni, ó jinlẹ̀ ju ti Kúbúrátù lọ. "Sánnù. Málàm Ìdí ni mí. Wá jókòó."

"Ẹ mọ̀ mí ni, bàbá?"

"Alhaji sọ pé ọmọ òun kan wà tó máa ń bá òun jà nítorí odi."

Kúbúrátù ò mọ ìgbà tí òun rẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó jókòó. "Kí ni wọ́n ń wá ṣe níbí lójoojúmọ́?"

"Ó ń bá mi ṣa obì. Ó sì ń kó ìlú mi wá fún mi." Málàm Ìdí gbọn ewé kan. "Ẹ̀yìn ìyá mi ni mo wà tí wọ́n fi gbé mi kúrò ní Kánò. Bí èèyàn bá bi mí léèrè ibẹ̀, irọ́ ni mo máa ń pa. Alhaji ló wá ń tò ó fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Orí òkè Dálà la ti gbéra kí òjò tó dá. A ti mọ odi, a ti ná ọjà Kúrmì. Àwọn Fúlàní ti gba ìlú, òyìnbó ti fi àgbá fọ́ ilẹ̀kùn odi wọlé. Rélùwéè dé lánàá. Lónìí, a máa dé Sábó."

Kúbúrátù wo Bàbá. Ẹ̀rúnrún ni wọ́n ti ń gbọ́ nílé, tí wọ́n ń pè é ní ìrànrán. Ibí yìí ni odindi rẹ̀ wà.

Bàbá ti bẹ̀rẹ̀. Hausa ló ń sọ. Kúbúrátù rò pé ariwo lásán ni òun máa gbọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ń wọlé sí i létí lọ́kọ̀ọ̀kan, kò kanlẹ̀kùn.

"Wọn ò jẹ́ ká gbé inú odi," ni Bàbá ń wí. "Ìta ni wọ́n ti pín ilẹ̀ fún wa. Ìlú titun ni wọ́n sọ ọ́. A kọ́lé, a kọ́ mọ́ṣáláṣí, àwọn onígbàgbọ́ kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀pà wá pọ̀. Àpò ẹ̀pà tí a tò jọ ga ju òrùlé lọ, àwọn ọmọdé ń sọ pé òkè Dálà ti bímọ. Mo gba yàrá méjì. Obìnrin kan wà nínú yàrá náà."

"Obìnrin wo, Alhaji?" ni Málàm Ìdí bi í.

"Obìnrin kan." Àtàǹpàkò Bàbá dúró lórí obì. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo ewé. "Ó wà níbẹ̀. Ta ni?"

Kúbúrátù fẹ́ pe orúkọ náà, kò lè pè é. Bí òun bá pè é, orúkọ lásán ni Bàbá máa rí gbà, kò ní rí obìnrin náà.

Mọ́tò kan dúró lójú títì. Adélékè bọ́ sílẹ̀, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. "Alájà Sàúdátù rí i tí ẹ gba ọ̀nà gáréèjì, òun ló júwe yín fún mi. Bàbá! Áà, Sábó ibí?" Ó di orí mú.

Kúbúrátù na ọwọ́ kan sí i pé kó dákẹ́. Ọwọ́ kejì ò mọ ohun tí yóò ṣe, ó mú obì kan lórí ewé, ó gbé e sétí.

Bàbá rí i. Ó tẹjú mọ́ ọn. "Kí ló wí?" ni ó béèrè.

"Kò wí nǹkan kan, Bàbá."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Kúbúrátù ò gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. "Mùínátù! Bí ó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Á gbé obì sétí, á ní òun ń gbọ́ kòkòrò tó ń jẹun nínú rẹ̀. Irọ́ ni! Kí n lè rẹ́rìn-ín ni. Ọmọ rẹ̀ á jókòó lé e nítan, òun náà á gbé tirẹ̀ sétí."

Omi dà lójú Kúbúrátù, kò nù ún.

"Àsìkò ọyẹ́ báyìí ni àìsàn náà dé," ni Bàbá wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ó ní kí n mú ọmọ lọ sílé, kí n má jẹ́ kó dàgbà sí ẹ̀yìn odi. Mo ní mo gbọ́. Mo gbé ọmọ sínú rélùwéè. Mi ò lè bá a sọ̀rọ̀. Bí mo bá la ẹnu, mi ò ní lè jẹ́ kó lọ." Ó yíjú sí Kúbúrátù. "Tíṣà, ìwọ tó o mọ ìtàn. Ṣé ọmọ náà délé?"

Kúbúrátù rántí iléèwé, ó rántí Gàmbàrí, ó rántí ahọ́n tí òun fọ̀. Ó la ẹnu, Hausa ló sì jáde.

"Ó dé, Bàbá." Ó mi orí, ó tún un sọ. "A dé. A ti délé."

Bàbá mí kanlẹ̀. Ó mú obì mìíràn nínú apẹ̀rẹ̀.

Adélékè ò gbọ́ Hausa, àmọ́ ó ti gbọ́ orúkọ Mùínátù. Ó dúró sẹ́bàá àtíbàbà, ó rọra ń yí kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. "Kúbú," ni ó wí jẹ́jẹ́, "ká máa lọ, kí ilẹ̀ má ṣú wa sójú ọ̀nà Ìmùṣin."

"Wọn ò lọ sí Ìmùṣin mọ́. Èmi ni màá máa mú wọn wá síbí, màá sì máa mú wọn padà sílé. Ẹ bọ́ bàtà, bọ̀ọ̀dá. Ẹ wá bá wa ṣa obì."

"Títí dìgbà wo?"

Kúbúrátù sún fún un lórí ẹní.

"Ẹ jókòó ná," ni ó wí. "A ò tíì dé òní."