Òkúta Tí Ìyá Dáyọ̀ Gbé Gòkè

Ẹni tó bá sọ fún Ìyá Dáyọ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbó, ẹni náà ti wá ìjàngbọ̀n. Ọmọ bíbí inú rẹ̀ gan-an ló sì wá a. Ọmọ náà ni Olúdayọ̀, dókítà tó ń gbé Sugar Land, lẹ́bàá Houston l'Amẹ́ríkà, tó kọ́lé ńlá, tó ní mọ́tò méjì, tó sì dá a lójú pé kò sí ohun kan lára ènìyàn tí òun kò mọ̀ ju ẹni tó ni ara lọ.

Oṣù mẹ́fà péré ni Ìyá Dáyọ̀ fẹ́ lò nígbà tó ti Ẹ̀fọ̀n-Alààyè wá bá wọn tọ́jú ọmọ tuntun. Oṣù mẹ́fà di ọdún mẹ́rin. Ọmọ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ ti ń lọ sílé ìwé, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá a lóhùn, kò sì sí iṣẹ́ tó kù fún ìyá àgbà ju kó máa ti ojú fèrèsé wo ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ títí dé ibi tí ojú rí mọ. Ní gbogbo Houston, kò rí òkè kan. Afárá freeway nìkan ló ga, mọ́tò ló sì ni ín. Obìnrin tí wọ́n bí sábẹ́ òkè, tó jẹ́ pé òkè ló máa ń kọ́kọ́ rí láàárọ̀ kó tó rí ojú ọkọ rẹ̀, ìyà gidi nìyẹn fi jẹ ẹ́. Ilé ló fẹ́ lọ. Ojoojúmọ́ ló ń sọ ọ́ pé àjò kì í dùn kí onílé má relé.

Ìdáhùn kan ṣoṣo ni Olúdayọ̀ ní. Ó ní eegun orúnkún Màmá ti ń jẹ. Ó ní ilé wọn l'Ẹ́fọ̀n wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, omi wà nísàlẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì wà lókè, ta ni yóò gbé e bó bá ṣubú? Bó bá ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, á wọ kóòtù funfun rẹ̀, á gba ọsibítù lọ.

Lọ́dún 1987, ó ra ìrìn àjò ọkọ̀ ojú omi fún gbogbo ilé. Ó rò pé bí Màmá bá rí òkun àti erékùṣù, ọkàn rẹ̀ á rọ̀ sí ìhà ibí. Olúbùkọ́lá, ìyàwó rẹ̀, ló ń ka ìwé tí àwọn olókọ̀ fi ránṣẹ́ sétí Màmá. Ní erékùṣù yìí, wọn yóò lọ wo ẹja. Ní èyí tó tẹ̀ lé e, wọn yóò lọ ra fìlà. Lọ́jọ́ kẹrin, ẹni tó bá wù lè bá afinimọ̀nà gun òkè oníná kan dé góńgó, kó sì padà sínú ọkọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bùkọ́lá rẹ́rìn-ín, ó ní òkè náà kò tíì kú o, pé ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn ló pọ iná gbẹ̀yìn, èéfín ṣì ń rú nínú rẹ̀ dòní.

Ìyá Dáyọ̀ gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní ibẹ̀ ni òun ń lọ.

Olúdayọ̀ sọ ti orúnkún, ó sọ ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sọ ti iná abẹ́ ilẹ̀. Ìyá rẹ̀ jẹ́ kó rò ó tán pátápátá.

"Dáyọ̀, ṣebí orúnkún lo ní kò jẹ́ kí n lọ sílé?" ó bi í. "Bí mo bá fi ẹsẹ̀ ara mi gun òkè yìí dórí, tí mo sì fi ẹsẹ̀ ara mi sọ̀ kalẹ̀, wàá ra tíkẹ́ẹ̀tì fún mi. Bí mo bá jókòó sójú ọ̀nà pẹ́nrẹ́n, o ò ní gbọ́ Ẹ̀fọ̀n lẹ́nu mi mọ́."

Olúdayọ̀ wo ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, ó rí i pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. "Ó dáa, Màmá. Deal."

Ohun tí dókítà kò mọ̀ ni pé ìyá rẹ̀ kì í ṣe ẹni tí í ta tẹ́tẹ́ tí kò bá mọ̀ pé òun á jẹ. Ọ́fíìsì Bùkọ́lá wà ní Uptown, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í já Màmá sílẹ̀ láràárọ̀ ní Galleria, ilé ìtajà ńlá kan nítòsí ibẹ̀, kó lè máa wo àwọn tó ń yọ̀ kiri lórí yìnyín. Ìyá Dáyọ̀ wo yìnyín lọ́jọ́ kìíní, ó sú u. Lọ́jọ́ kejì, ó rí àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́rin tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Láti ọjọ́ náà, fún oṣù méjì gbáko, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ló ń gùn ún lójúmọ́. Orúnkún rẹ̀ ké lọ́sẹ̀ kìíní, ó kùn lọ́sẹ̀ kejì, nígbà tó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó gba kámú. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ bi í bóyá mọ́tò rẹ̀ ló sọnù. Ó ní rárá, ilé ni òun ń lọ.

Nígbà tí ìròyìn dé ṣọ́ọ̀ṣì Màmá ní Houston, inú àwọn ará ibẹ̀ dùn ju tẹni tó ń lọ. Aládùúrà ni wọ́n, ṣọ́ọ̀bù kan ni wọ́n háyà tí wọ́n fi ń jọ́sìn, ó sì ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti fojú kan orí òkè àdúrà. Nílé, bí ẹnìkan bá ń gòkè lọ gbàdúrà, àwọn tí kò lè lọ a máa di ẹ̀bẹ̀ tiwọn rù ú. Ìyá Dáyọ̀ kò mọ̀wé, kò sì fẹ́ kí ẹ̀bẹ̀ ẹnìkan já bọ́ nínú orí òun. Ó ní kí kálukú mú òkúta kan wá, kó sọ ohun tó fẹ́ sí i létí òun. Helen, tí oyún ti bàjẹ́ lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mú pupa kékeré kan wá. Babáwálé, tí iléeṣẹ́ epo dá dúró, tó ń fi ìwé ẹ̀rí ẹnjinníà gbé pízà kiri Missouri City, mú ègé kọnkéré. Wọ́n jẹ́ mẹ́rìndínlógún. Òkúta tirẹ̀ ṣìkẹtàdínlógún, ó sì kó gbogbo wọn sínú ìbọ̀sẹ̀ kan, ó ta á ní kókó. Ó bi Olúdayọ̀ bóyá ó ní nǹkan tó fẹ́ bẹ̀ fún. Olúdayọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní dókítà lòun, òun kì í fi òkúta gbàdúrà.

Wọ́n wọ bàálù dé Miami, wọ́n wọ ọkọ̀ níbẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, Bùkọ́lá àti ọmọ lọ sétí òkun, Màmá àti Olúdayọ̀ bá àwọn mẹ́wàá mìíràn lọ sídìí òkè. Anthony lórúkọ afinimọ̀nà wọn, ọmọ erékùṣù náà ni, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Ó fún olúkúlùkù ní ọ̀pá oparun, ó ṣe òfin fún wọn pé kí wọ́n má jìnnà síra, kí wọ́n má sì mú òkúta kankan láti orí òkè náà sọ̀ kalẹ̀. Bàtà aláwọ líle tuntun ni Olúdayọ̀ wọ̀, kánfáàsì tí àtẹ̀gùn Galleria ti jẹ nídìí ni ti ìyá rẹ̀. Ṣẹ́ ẹ rí i, bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Inú igbó oparun ni wọ́n gbà wọlé. Àwọn Amẹ́ríkà ń sáré, Olúdayọ̀ ń sáré tẹ̀ lé wọn. Ìyá Dáyọ̀ kò yára, kò sì dúró. Kò wo orí òkè lẹ́ẹ̀kan. Ibi tí ẹsẹ̀ kan máa gbà ló ń wò, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní kékeré. Lẹ́yìn igbó, wọ́n dé ojú odò gbígbẹ kan tí iná ti ṣàn kọjá rí, lẹ́yìn ìyẹn ni eérú àti wẹ́wẹ́ òkúta, tó jẹ́ pé bí o bá gbẹ́sẹ̀ kan síwájú, wàá yọ̀ padà ní ìdajì. Níbẹ̀ làwọn eléré sísá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Dáyọ̀ ń gbà á ní ìkọ́rọkọ̀rọ, ọ̀tún díẹ̀, òsì díẹ̀, ó ń kọrin sínú. Anthony wò ó títí, ó sì ní kó bọ́ síwájú, kí àwọn yòókù máa fi ẹsẹ̀ sí ibi tó bá fi sí. Inú Ìyá Dáyọ̀ dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ara rẹ̀.

Ìyẹn ló fà á tó fi tàsé. Eérú yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó sì fi orúnkún gúnlẹ̀ gbì. Ẹ̀jẹ̀ yọ. Olúdayọ̀ sáré dé, èémí rẹ̀ ń já, ó ní ó tó gẹ́ẹ́, kí Màmá jókòó kí òun wò ó. Ìyá Dáyọ̀ kò jókòó. Orúnkún tó fi gúnlẹ̀ yẹn, ó fi èkejì tì í, ó di ìkúnlẹ̀, ó dijú, ó sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ta ló máa sọ fún aládùúrà pé kó má kúnlẹ̀? Nígbà tó ṣe, ó ṣe àmín, ó di ọ̀pá mú, ó dìde. Orúnkún ń ro ó gidigidi, kò sì sọ fún ẹnìkan.

Wọ́n dé orí rẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Afẹ́fẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ènìyàn, òórùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́ gba ibẹ̀ kan. Nísàlẹ̀, nínú kòtò tó tóbi ju gbogbo ọjà Ẹ̀fọ̀n lọ, òkúta dúdú rìbìtì kan jókòó, èéfín ń yọ lára rẹ̀. Ìyá Dáyọ̀ bọ́ bàtà, ilẹ̀ sì lọ́wọ́ọ́wọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó tú ìbọ̀sẹ̀, ó ń to òkúta kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dárúkọ ẹni tó ni ín. Ó pẹ́ lórí ti Helen. Ó gbé tirẹ̀ kalẹ̀ gbẹ̀yìn, ó ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí òun délé.

Òkúta kan ṣẹ́ kù nínú ìbọ̀sẹ̀.

Funfun ni, ó rí roboto, ó ń dán. Ìyá Dáyọ̀ dá a mọ̀. Ọdún mẹ́rin ló fi ń gbá ewé kúrò lórí irú rẹ̀ níwájú ilé ọmọ rẹ̀ ní Sugar Land. Ó yíjú sí Olúdayọ̀, Olúdayọ̀ sì ń wo èéfín bí ẹni tí wọ́n gbé èéfín fún kó tọ́jú.

"Kí lo bẹ̀ fún?"

"Mo ní kí ẹsẹ̀ yín má lè gun òkè yìí." Olúdayọ̀ fi ọwọ́ nu ojú. "Bàbá kú, lẹ́tà ni mo fi gbọ́. Wọ́n ti sin wọ́n kó tó dé ọwọ́ mi. Màmá, n ò fẹ́ fi lẹ́tà gbọ́ tiyín."

Ìyá Dáyọ̀ ti múra ìjà sílẹ̀ láti ọdún mẹ́rin, ìjà sì kúrò nínú rẹ̀. Àánú ọmọ rẹ̀ ṣe é débi pé ojú rẹ̀ kún fún omi. Ó gbé òkúta náà sókè kó tò ó ti àwọn yòókù, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. Ó dì í sí ìṣẹ́tí ìró rẹ̀. Anthony rí i, ó sì rán an létí òfin. Ìyá Dáyọ̀ ní kí Olúdayọ̀ sọ fún un pé òkè rẹ̀ kọ́ ló ni ín, Sugar Land ló ti wá. Anthony rẹ́rìn-ín, ó ní kó máa mú un lọ.

Nígbà tí wọ́n ń sọ̀, bàtà tuntun ti bó ẹsẹ̀ Olúdayọ̀ ní gìgísẹ̀. Ìyá rẹ̀ fún un ní ọ̀pá tirẹ̀, ó fi méjì gbéra.

Nínú oṣù kẹwàá, Olúdayọ̀ gbé ìyá rẹ̀ lọ sí pápákọ̀ òfuurufú. Tíkẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ Màmá. Kó tó wọlé, ó ṣí báàgì, ó fi òkúta funfun náà hàn án.

"Mo ń gbé e lọ," ó ní. "Orí òkè tiwa ni n ó gbé e sí. Nígbà tí o bá ní ohun mìíràn tó o fẹ́ bẹ̀ fún, o mọ ibi tó wà. Má kọ lẹ́tà. Fi ẹsẹ̀ ara rẹ wá."

Olúdayọ̀ ní òun á wá lọ́dún Àjíǹde. Ó dúró, ó ń wo ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ títí tí wọ́n fi kọjá ẹnu ọ̀nà. Orúnkún tó gúnlẹ̀ lórí òkè ṣì wú díẹ̀, ṣùgbọ́n obìnrin náà kò tiro.