Ìdajì Irùngbọ̀n

Láti ìgbà tí dókítà ti rí òjìji kan nínú àwòrán àyà Tíṣà, tó sì ní kó padà wá gbọ́ èsì ní Ọjọ́bọ̀, Tíṣà ò rí ìdí jókòó mọ́. Adìẹ bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Òṣèlú ló gbájú mọ́. Ó lẹ àwòrán olórí ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ fèrèsé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

"Bàálé mi," ni ìyàwó rẹ̀ wí, "ta ló fẹ́ dìbò níbẹ̀ yẹn?"

"Ọ̀rọ̀ ìlú kọjá àwàdà!"

Kó tó fẹ̀yìn tì, ọkùnrin yìí kan náà ló máa ń kọ́ ọmọlọ́mọ pé kí wọ́n gbọ́ èrò ẹlòmíràn. Ó tilẹ̀ ń yangàn pé kí wọ́n kọ ọ́ sára sàréè òun. Ìgbà tí sàréè ṣì jìnnà nìyẹn.

Lọ́jọ́rú, ó lọ fá irùngbọ̀n lọ́dọ̀ Onígbàjámọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ṣe ẹgbẹ́ kejì. Láti ìgbà tí irùngbọ̀n náà ṣì dúdú ni wọ́n ti ń fi òṣèlú ṣe yẹ̀yẹ́ ara wọn. Abẹ ti fá ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì tán nígbà tí Onígbàjámọ̀ ní:

"Tíṣà, bí ẹgbẹ́ yín bá fi lè wọlé, a kú nìyẹn!"

Tíṣà fò dìde. "Ta ló kú? Ìwọ ọ̀dàlẹ̀ yìí, abẹ rẹ ò ní kan ọrùn mi mọ́ láé!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ó ku apá kan..."

Ó ti dójú títì tọṣẹtọṣẹ. Ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kan pàtẹ́wọ́ fún un: "Akíkanjú wa!" Ìyìn náà dùn mọ́ ọn títí tó fi dé iwájú dígí ilé. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ń dán gbinrin, èkejì funfun báláú. Ó gbé abẹ tirẹ̀, kò lè fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó gbé e sílẹ̀, ó rìn yí yàrá ká, ó tún gbé e. Olórí ẹgbẹ́ ń rẹ́rìn-ín sí i lára ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n àwòrán kì í báni fá irùngbọ̀n.

Ó padà. Onígbàjámọ̀ ò tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sórí àga rẹ̀.

"Dókítà rí òjìji láyà mi," ni Tíṣà wí látẹnu ọ̀nà. "Ọ̀la ni èsì."

Onígbàjámọ̀ gbọn aṣọ tó fi ń bo oníbàárà. "Ìyẹn ló wá sọ mí di ọ̀dàlẹ̀?"

"Ẹ̀rù ló ń bà mí."

"Ẹ jókòó. Màá bá yín lọ lọ́la." Ó pọ́n abẹ. "Ẹ gbé àgbọ̀n sókè. Ẹgbẹ́ yín ò kúkú ní wọlé!"

Tíṣà fẹ́ fèsì, àmọ́ abẹ ti wà lọ́rùn. Ọrùn náà dúró jẹ́ẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni ò gbà, ó ń jó lọ lábẹ́ aṣọ.