Omi Tí Ojú Obìnrin Kò Gbọdọ̀ Kàn

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́n ni bàbá mi, Eustaquio Cahum, ti ń sọ fún mi pé bí obìnrin bá fi ojú kan omi inú ihò wa, òjò yóò bínú, àgbàdo yóò sì gbẹ lórí ìdúró. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Mo bí ọmọbìnrin mẹ́ta, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn náà. Ẹ má bi mí bóyá mo ṣì gbà bẹ́ẹ̀ lónìí.

Ìdílé wa ló ni omi náà. Bí oṣù Keje bá dé tí òjò sì kọ̀ tí kò rọ̀, àwọn ọkùnrin abúlé wa a máa lọ tẹ́ pẹpẹ igi sínú igbó láti bẹ Chaak, olúwa òjò. Omi tí wọ́n fi ń po àgbàdo tí wọ́n ń gbé síwájú rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ omi ẹ̀rọ, kò gbọdọ̀ jẹ́ omi kànga ilé. Omi tí obìnrin kò dé ẹ̀bá rẹ̀ rí ni. Bàbá bàbá mi ló mọ ọ̀nà ihò tí irú omi bẹ́ẹ̀ wà, lẹ́yìn àwókù ilé òkúta àwọn ará àtijọ́. Ó fi han bàbá mi, kí bàbá mi lè fi han ọmọkùnrin tirẹ̀. Bàbá mi kò bí ọkùnrin. Èmi nìkan ló bí.

Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó mú mi lọ, ó nà mí. Mo tún bẹ̀ ẹ́ nígbà tí mo pé ọgbọ̀n ọdún, ó rẹ́rìn-ín. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, mo ti di ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta, òun náà sì ti lé ní àádọ́rin dáadáa. Orúnkún rẹ̀ ti wú, ojú rẹ̀ méjèèjì ti di funfun débi pé òjìji ènìyàn ló kù tó ń rí. Ọkọ mi kò sí nílé tí ì bá ràn án lọ́wọ́. Etíkun ló wà, níwájú hótẹ́ẹ̀lì, ó ń fi réèkì kó koríko òkun kúrò lórí yanrìn kó má baà kan ẹsẹ̀ àwọn àlejò. Ibẹ̀ ni gbogbo ọkùnrin abúlé wa tó ṣì lágbára wà.

Mo lọ bá bàbá lórí àwọ̀n tó so kọ́ tó fi ń sùn.

“Bàbá, ẹ jẹ́ kí n kàn bá yín gbé kèǹgbè. Màá fi aṣọ di ojú mi. Ẹnu ihò ni màá dúró sí.”

“Ṣé wàá fi aṣọ di òórùn ara rẹ náà? Omi yẹn mọ òórùn obìnrin.”

“Lẹ́yìn yín ńkọ́? Ta ló máa mọ ọ̀nà?”

“Kó sọnù, Nazaria. Ó sàn kó sọnù ju kó bàjẹ́ lọ.”

Ó dùn mí wọ egungun. Kì í ṣe pé mo fẹ́ di ọkùnrin. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí ohun tí baba ńlá mi mọ̀ má ṣe bá bàbá mi wọlẹ̀, nígbà tí ọmọ rẹ̀ wà láàyè tó ń wò ó.

Bàbá bá àwọn ọkùnrin lọ sínú igbó lọ́jọ́ Ajé. Bí ètùtù bá ti bẹ̀rẹ̀, wọn kì í wọ ilé tí obìnrin wà mọ́ títí yóò fi parí. Ọjọ́ Rú, ìyẹn ọjọ́ kẹta rẹ̀, ni Maaike, ọmọbìnrin àlejò kan láti òkè òkun, dé.

Àwọn tí a ń pè ní apọnrù máa ń gba abúlé wa kọjá lọ wo àwókù. Wọ́n á ti etíkun wá, wọ́n á ti àwọn erékùṣù wá, imú wọn á ti bó lójú oòrùn, ẹrù ẹ̀yìn wọn á sì ga ju orí wọn lọ. Èmi ni mo máa ń fún wọn níbi tí wọ́n á sùn, tí mo sì máa ń se ẹ̀wà àti ẹyin fún wọn. Maaike ga bí igi àgbọn. Iná orí, kòkòrò inú irun, ràn án ní erékùṣù kan, ló bá fá gbogbo irun rẹ̀. Oṣù karùn-ún rẹ̀ lójú ọ̀nà rèé, ó ní òun ò tiẹ̀ rántí mọ́ èwo ni etíkun èwo, pé gbogbo àwókù ti dà pọ̀ mọ́ ara wọn lójú òun. Ó jẹun, ó fọ abọ́ rẹ̀, ó bá mi ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Ọmọ dáadáa ni. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó pọn ẹrù rẹ̀, ó lọ wo àwókù. Nígbà tó máa fi di ọ̀sán, ó ti padà dé láti dúró de bọ́ọ̀sì, ara rẹ̀ tutù, inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní òun rí bàbá arúgbó kan tó jókòó sórí òkúta, tó di orúnkún rẹ̀ mú, kèǹgbè ńlá méjì nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn méjèèjì ò gbọ́ èdè ara wọn; bàbá náà kò gbọ́ èdè àwọn ará ìlú ńlá tí èmi àti Maaike fi ń sọ̀rọ̀. Bàbá náà na ọwọ́, ó fọwọ́ kan okùn ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀, ó fọwọ́ kan orí rẹ̀ tó dán, ló bá mi orí, ó sì nawọ́ kèǹgbè sí i.

Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Ní ilẹ̀ tiwa, obìnrin kì í pọn nǹkan kan. Ìbàdí la fi ń gbé ọmọ, ìbàdí la fi ń gbé omi, orí la fi ń ru àgbàdo lọ sí ilé ọlọ. Ọkùnrin nìkan ló ń gbé ẹrù kọ́ ẹ̀yìn. Ẹni gíga, orí fífá, ẹrù lẹ́yìn: kí ni ojú funfun bàbá mi ì bá tún pè é?

Maaike fi àwòrán inú fóònù rẹ̀ hàn mí. Gbòǹgbò igi ọ̀pọ̀tọ́ ló bo ẹnu ihò náà. Àtẹ̀gùn wà tí wọ́n gbẹ́ sínú àpáta. Bàbá kò lè sọ̀ kalẹ̀, òkè ló jókòó sí, Maaike ló sì bu omi. Oòrùn ti pa á, ló bá gbé fóònù lé orí òkúta, ó bọ́ sínú omi náà. Mo rí i nínú àwòrán, omi dé ọrùn rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

Bí mo ṣe kọ́kọ́ rí omi ìdílé mi nìyẹn.

Ó bi mí pé ṣebí mo ti máa ń lọ síbẹ̀. Mo ní n kò dé ibẹ̀ rí.

“Há, Màmá, kò jìnnà rárá. Mo lè mú yín lọ báyìí kí bọ́ọ̀sì tó dé.”

Inú bí mi gidigidi. Kí àlejò tó máa wà ní erékùṣù mìíràn lọ́la fà mí lọ́wọ́ lọ wo omi baba mi! Mo sọ fún un pé bọ́ọ̀sì kì í dúró deni níbí. Ó gbá mi mọ́ra, ó sì lọ.

Mo gba ọ̀nà igbó lọ láti sọ fún àwọn ọkùnrin. Mo dé ibi tí obìnrin máa ń dúró sí, mo gbọ́ àwọn ọmọkùnrin kéékèèké tí wọ́n jókòó sí ẹsẹ̀ pẹpẹ, tí wọ́n ń ké bí ọ̀pọ̀lọ́ kí òjò lè gbọ́. Mo gbọ́ ohùn bàbá mi nínú àdúrà. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á da omi nù, ojú á sì ti bàbá mi láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo yí padà. N kò ní purọ́, kì í ṣe àánú nìkan ló dá mi padà. Mo fẹ́ rí ohun tí òjò máa ṣe.

Òjò rọ̀. Kí oòrùn tó wọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì rọ̀ mọ́jú. Ó tó ọdún mẹ́sàn-án tí a ti rí irú rẹ̀ kẹ́yìn.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá wọlé, ó rin gbingbin, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Mo bọ́ ẹ̀wù lára rẹ̀.

“Chaak ló rán ọmọkùnrin kan sí mi, Nazaria. Ọmọkùnrin dáadáa. Ṣé o wá rí i báyìí? Ká ní ìwọ ni mo mú lọ ni, eruku là bá máa jẹ.”

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Mo fún ẹ̀wù náà títí omi fi tán lára rẹ̀.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá,” ni mo wí.

Ó kú nínú oṣù Kejìlá. Nígbà tí oṣù Keje tún dé, òjò kọ̀. Àwọn ọkùnrin wá sẹ́nu ọ̀nà mi, Tiburcio aṣáájú ètùtù wọn ló ṣíwájú, ó ti ṣí fìlà. Ó béèrè bóyá bàbá mi fi ọ̀nà omi han ẹnikẹ́ni.

“Ó fi han ẹnì kan.”

“Níbo ni ọkùnrin náà wà?”

“Obìnrin ni.”

Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. Tiburcio sún sẹ́yìn.

“Ìwọ?”

“Kì í ṣe èmi. Apọnrù ni. Òun ló bu omi ọdún tó kọjá fún yín. Ó sì wẹ̀ nínú rẹ̀.”

Àwọn ọkùnrin náà wo ara wọn. Lẹ́yìn náà ni Tiburcio rọra bi mí bóyá kèǹgbè bàbá mi ṣì wà nílé. Mo gbé méjèèjì jáde. Ó ní bí Chaak bá gba omi ọwọ́ obìnrin lọ́dún tó kọjá, kí n bá àwọn bu omi ẹ̀rọ sí i, mo sì bù ú fún wọn.