Àtẹ́lẹwọ́ Mi àti Kọ̀ǹpútà Tuntun

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé àlá ọ̀sán kì í ṣẹ, ẹ jẹ́ n rọ́ tèmi fún yín. Mo lá àlá kan lọ́sàn-án àná, nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé, tí mo kàn gbórí lé ọwọ́ pé kí n sinmi díẹ̀.

Mo bá ara mi ní wọ́ọ̀dù. Wọ́ọ̀dù náà ti gbéra nílẹ̀, ó ń rábàbà lókè ọgbà ọsibítù, àwa nọ́ọ̀sì sì ń báṣẹ́ lọ. Ìyá Adémúléyá, aláìsàn bẹ́ẹ̀dì kẹfà, di aṣọ mi mú.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ ò gbàgbé o? Abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí léṣìí."

"Mo ti kọ ọ́, Màmá. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Kọ̀ǹpútà tuntun tí wọ́n gbé fún wa húkọ́. "Irọ́ ni," ló wí. "Mi ò rí i lọ́dọ̀ mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn kí n kọ ọ́."

"Pásíwọ̀dù rẹ dà?"

Mo ní gbogbo wa la jọ ń lo ti Nọ́ọ̀sì Mojírádé. Ó ní kí n lọ pe Mojírádé wá. Mojírádé ti lọ jẹun lórí ìkùukùu. Inú bí mi, àmọ́ ta ní í bá ẹ̀rọ jà?

Mo ní kí n wá káàdì ìyá náà lọ sí yàrá fáìlì. Ọ̀gá dókítà wa ni mo bá níbẹ̀, ó ti di òbúkọ, ó ń jẹ káàdì aláìsàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo kúnlẹ̀ kí i, torí ọ̀gá lọ̀gá ń jẹ́.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ṣé ẹ ti jẹ ti Ìyá Adémúléyá?"

"Láti àárọ̀," ó ní, ó ń jẹ àpọ̀jẹ. "A ò lo ìwé mọ́. Kí ló tún kù lọ́wọ́ rẹ yẹn?"

Ló bá fẹ́ẹ́ lá àtẹ́lẹwọ́ mi. Ẹ̀rù bà mí gan-an, n ò sì mọ ìdí. Mo fi ọwọ́ náà pamọ́ sábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Bí mo ṣe jí nìyẹn.

Òógùn ti bò mí. Mo lọ bọ́jú. Nínú dígí, ohun tí mo fi báírò kọ sí àtẹ́lẹwọ́ láàárọ̀, nígbà tí iná lọ tí kọ̀ǹpútà kú, ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi: Bẹ́ẹ̀dì 6, kò gbọdọ̀ gba pẹnisílíìnì. Mo ti gbàgbé rẹ̀ pátápátá, abẹ́rẹ́ ìrọ̀lẹ́ sì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Mo pe Mojírádé, tó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi, lórí fóònù. "Má gún Ìyá Adémúléyá o."

Ó ní, "Síríǹjì ti wà lọ́wọ́ mi, ẹ̀gbọ́n. Kò sí nǹkan kan nínú kọ̀ǹpútà pé kò gbọdọ̀ gbà á."

"Mo mọ̀," ni mo wí. "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ló wà."