Ipa Táyà Tó Yà Sápá Òkè

Obìnrin oníbúrẹ́dì kan wà tó fẹ́ràn kí ó máa wa jíìpù rẹ̀ kiri inú ìgbẹ́, níbi tí kò sí ọ̀dà, tí kò sí àmì ojú ọ̀nà, tí kò sì sí ẹni tí yóò máa fọn fèrè mọ́tò sí i létí. Lọ́jọ́ Àìkú, bí ó bá ti kó búrẹ́dì àárọ̀ jáde nínú ààrò, tí àwọn oníbàárà sì ti gba tiwọn lọ, yóò bọ́ aṣọ iṣẹ́, yóò gbọn ìyẹ̀fun kúrò lórí, yóò ju ṣọ́bìrì àti omi mímu sẹ́yìn ọkọ̀, ó di inú ìgbẹ́. Òun nìkan ni. Jíìpù náà ti gbó, àmọ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà á, ẹrẹ̀ kì í sì í tètè dẹ́rù ba olówó ọkọ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, aránṣọ tí wọ́n jọ ń gbé, kò fẹ́ràn ìrìn yìí rárá. Ohun tó máa ń sọ ni pé kí ó lọ wọ ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ ọlọ́jíìpù kan wà nílùú náà tí wọ́n máa ń tò tẹ̀lé ara wọn jáde, tí ọ̀pá rédíò gùn lórí ọkọ̀ wọn bí ìwo. Oníbúrẹ́dì á ní láti ìdájí lòun ti ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, pé kì í ṣe èèyàn lòun ń wá lọ sínú ìgbẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá ti gbóná báyìí, ẹ̀gbọ́n á mú ti ọjọ́ tí jíìpù rì sójú odò gbígbẹ jáde. Oníbúrẹ́dì wa ilẹ̀ lọ́jọ́ náà títí ọwọ́ rẹ̀ fi wú. Páànù tó fi ń yan búrẹ́dì ló padà tì sábẹ́ táyà kí ó tó rí ọkọ̀ yọ, páànù náà sì ká kò. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń fi ọ̀rọ̀ náà pa àwọn oníbàárà lẹ́rìn-ín. Èyí tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé nígbà tó ṣe lọ́jọ́ náà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń pe orúkọ àwọn tó mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, sókè, kí etí rẹ̀ ṣáà lè gbọ́ ohùn.

Nígbà òjò ni ọ̀rọ̀ ipa táyà yìí bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ rọ̀ nígbà náà bí ìyẹ̀fun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ po, gbogbo ohun tó bá kọjá lórí rẹ̀ ló ń fi ojú sílẹ̀. Oníbúrẹ́dì dé ibi àpáta pẹrẹsẹ kan, ó rí i pé ẹgbẹ́ ti gba ibẹ̀ kọjá: ipa táyà lórí ipa táyà, ẹsẹ̀ èèyàn káàkiri, ibi tí wọ́n ti dúró sinmi. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan yà kúrò láàrin àwọn yòókù. Ó dorí kọ òkè, ó sì tún padà wá bá wọn. Oníbúrẹ́dì kọ́kọ́ rò pé ẹni náà lọ tọ̀ ni. Ó wo bí òkè ti jìnnà tó, ó rẹ́rìn-ín. Ta ni yóò torí ìyẹn wakọ̀ débẹ̀?

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ipa náà tún wà níbẹ̀. Táyà kan náà ni, tóóró, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti jẹ ju èkejì lọ. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Bó ti ń po ìyẹ̀fun ló ń rò ó. Ṣé ẹni náà fi nǹkan pamọ́ síbẹ̀ ni? Ṣé ìjà ló wà láàrin òun àti ẹgbẹ́? Nígbà tí kò lè pa á mọ́ra mọ́, ó sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, tí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kì í wọ̀ létí, gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí maṣíìnì.

Ó ní, “Ó ní ẹni tó ń pàdé níbẹ̀.”

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n kò sọ pé kí ó má lọ sínú ìgbẹ́ mọ́. Kàkà bẹ́ẹ̀, bí àbúrò bá ti wọlé ní ọjọ́ Àìkú, kó tó bọ́ bàtà, yóò béèrè bóyá ipa náà ṣì wà níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni Oníbúrẹ́dì ṣe tẹ̀ lé ipa náà lọ. Ọ̀nà náà há, òkúta pọ̀, ó sì rí i pé ẹni tó ń wa ọkọ̀ náà kì í kánjú: kò tẹ igi kékeré kankan mọ́lẹ̀, ibi tí àgbàrá bá ti gbẹ́ ilẹ̀ ló ti pẹ́ ẹ sílẹ̀. Lókè pátápátá, ojú ilẹ̀ tẹ́jú lábẹ́ igi kan. Kò sí eérú, kò sí ìgò, kò sí pé wọ́n gbẹ́ ilẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, láti ibi ọkọ̀ dé ìdí igi, láti ìdí igi padà síbi ọkọ̀. Koríko ìdí igi náà ti tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ohun tó wá wò kò yé e, ó tún wá rú u lójú sí i.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó tètè ta búrẹ́dì tán, ó gba òkè lọ tààrà. Jíìpù kékeré kan wà níbẹ̀, tí oòrùn ti pa ọ̀dà ara rẹ̀ dà, ìdérí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì wà ní ṣíṣí. Bàbá kan jókòó lórí àpò lábẹ́ igi, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, ó ń wo pẹ̀tẹ́lẹ̀. Oníbúrẹ́dì kí i, ó sì béèrè ohun tó ṣe ọkọ̀. Bàbá ní bátìrì ti kú, kò ṣíná mọ́. Oníbúrẹ́dì ní kò tó nǹkan, pé òun ní wáyà tí òun lè fi gba iná fún un láti inú bátìrì tòun, kíá báyìí ló máa ṣíná.

Bàbá dúpẹ́. Ó ní, “Ṣùgbọ́n tí kò bá ni yín lára, ẹ jẹ́ ká ṣì jókòó díẹ̀. Mi ò tíì jókòó tó.”

Oníbúrẹ́dì wò ó. Ọkọ̀ ẹni kú sórí òkè, ara sì tu ẹni tó bẹ́ẹ̀! Ó rántí bí òun ti ń pe orúkọ èèyàn lójú odò gbígbẹ, ó wá ibì kan nínú koríko, ó jókòó.

Bàbá sọ tẹnu rẹ̀ fún un. Iṣẹ́ ìkéde ló ń ṣe ní ibùdókọ̀ ojú irin. Láti àárọ̀, ohùn ara rẹ̀ ló ń bọ́ lé e lórí láti inú àwọn ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó wà lára àjà: ọkọ̀ yìí yóò pẹ́, tọ̀hún ti yí ojú ibi tó ń dúró sí padà, ọmọ kan tó wọ aṣọ pupa ń wá ìyá rẹ̀. Bó bá délé, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ á gba ọ̀rọ̀ sọ níbi tó ti parí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń dá wá sórí òkè yìí nígbà kan rí.

“Àmọ́ mi ò gbádùn ẹ̀ nígbà tí mo ń dá wá,” ló wí. “Ẹ́ńjìnnì nìkan lètí mi ń gbọ́. Tí mo bá jókòó báyìí, màá máa rò ó pé, ṣé á ṣíná báyìí? Tí kò bá ṣíná ńkọ́? Mo bá wọ ẹgbẹ́. Ní báyìí, tí mo bá yà síbí, ẹnì kan wà nísàlẹ̀ tó mọ̀ pé mo wà níbí. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ bó ṣe dákẹ́ tó.”

Oníbúrẹ́dì béèrè bóyá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kì í da ìbéèrè bò ó. Bàbá ní rárá. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ohun tí Alága ẹgbẹ́ béèrè kò ju pé ìhà ibo ló ń lọ, àti ìgbà wo ni káwọn wá wò ó bí àwọn kò bá rí i.

Ó wá ku ìbéèrè tó ti ń jẹ Oníbúrẹ́dì nínú láti ọjọ́ yìí wá. “Bàbá, ẹ má bínú o. Kí lẹ wá ń ṣe níbí gan-an?”

Bàbá rẹ́rìn-ín. “Mi ò ṣe nǹkan kan. Nǹkan tí mo wá ṣe nìyẹn.”

Oníbúrẹ́dì gbọ́ atẹ́gùn nínú koríko. Ó gbọ́ irin ọkọ̀ tirẹ̀ tó ń ta ṣáṣá bó ti ń tutù. Nígbà tó ṣe, ìró ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀, bàbá sì dìde, ó gbọn àpò rẹ̀.

Alága ẹgbẹ́ ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, obìnrin sìgbọnlẹ̀ kan tó jẹ́ dókítà eyín. Ó kí wọn, kò béèrè ohun tó pa àjèjì àti bàbá pọ̀. Ó fọwọ́ kan bátìrì, ó ní kí wọ́n gbé wáyà wá, kò sì pẹ́ tí ọkọ̀ bàbá fi ṣíná. Ẹnì kan gbé omi fún Oníbúrẹ́dì. Ẹni méjì lẹ́yìn ń bá ara wọn jiyàn lórí iye afẹ́fẹ́ tó yẹ kó wà nínú táyà, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ilé àti ilẹ̀ ni. Alága yọjú wo ẹ̀yìn jíìpù Oníbúrẹ́dì, ó rí páànù tó ká kò, ó béèrè bóyá ohun tí òun rò ni wọ́n fi ṣe. Oníbúrẹ́dì ní òun náà ni. Alága rẹ́rìn-ín, kò wàásù.

Ó kàn béèrè pé, “Ìhà ibo lẹ sábà máa ń gbà?”

Oníbúrẹ́dì na ọwọ́ sí ìhà odò gbígbẹ. Ìdí tó fi ń lọ ni gbogbo èèyàn máa ń bi í. Kò sí ẹni tó tíì bi í ní ibi tó ń lọ rí.

Ó bá wọn jáde nígbà mélòó kan lẹ́yìn náà. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dùn mọ́ ọn. Eruku ẹni tó wà níwájú á kún un lẹ́nu. Bí táyà ẹnì kan bá jò, gbogbo wọn á dúró. Ọ̀rọ̀ epo ẹ́ńjìnnì nìkan lè gba ìdajì ọ̀sán. Nítorí náà, lọ́jọ́ mìíràn yóò bá wọn lọ, lọ́jọ́ mìíràn yóò dá lọ, ṣùgbọ́n yóò kọ́kọ́ pe Alága lórí fóònù láti sọ ìhà ibi tó forí lé. Ó rí i pé òun kì í ro ti ṣọ́bìrì àti ibi tí ọkọ̀ lè rì sí mọ́, igi àti ẹyẹ ni òun ń wò.

Ẹ̀gbọ́n ni kò gbà. Nígbà tí àbúrò sọ fún un pé ńṣe ni bàbá kan kàn ń jókòó síbẹ̀, ó ní irọ́ ni, pé ọ̀rọ̀ wà ńbẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú kan, ó ti maṣíìnì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó kó sínú jíìpù. Ó béèrè ìbéèrè láti ilé dé àpáta, ó béèrè láti àpáta dé òkè, ó yí igi náà po, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bàbá sún fún un lórí àpò. Ó jókòó. Ó dákẹ́, ó sì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àbúrò rẹ̀ fi yíjú wò ó bóyá oorun ló gbé e lọ. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń wo pẹ̀tẹ́lẹ̀.

Rédíò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá hó. Ohùn Alága ni, ó ń béèrè bóyá àlàáfíà ni wọ́n wà lókè. Kí bàbá tó na ọwọ́ sí i, ẹ̀gbọ́n ti gbé e.

Ó ní, “Àlàáfíà ni. Ẹ má tíì wá o.”